Ìyà Tí Mo Fi Jẹ Ráfíù ní Ìkọ̀tún

Kí n tó mu omi àkọ́kọ́ ní Èkó ni wọ́n ti lù mí. Òtítọ́ ni mo ń sọ o. Ká ní ilé ẹmu la wà ni, n ó ní mo lu àwọn náà padà títí wọ́n fi ń pe ìyá wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó ń ka èyí kò ra nǹkan kan fún mi, ẹ fara mọ́ òtítọ́.

Ọmọ Kétu ni mí, Kétu ti ilẹ̀ Faransé. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ sọ èdè ìyá wa ní kíláàsì, mo sọ ọ́, olùkọ́ so eegun màlúù mọ́ mi lọ́rùn kí gbogbo ayé lè fi mí ṣẹ̀sín. Mo gbé eegun náà relé, ìyá mi fi se ọbẹ̀. Bí mo ṣe fi ilé-ìwé sílẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí mo dé Ìgándó, ọkàn mi kọ́kọ́ balẹ̀ nítorí pé èdè mi ni mo gbọ́ lẹ́nu wọn. Mo la ẹnu, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní, "Ẹ gbọ́ bí Ègùn yìí ṣe ń kọrin." Mi ò kọrin, omi ni mo ní kí wọ́n fún mi. Mo ní èmi kì í ṣe Ègùn, Yorùbá ni mí bíi tiyín. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ bá mi jà ni?" Kí n tó ronú ìdáhùn, ó ti gbá mi létí, àwọn tó kù sì bá a lù mí. Orúkọ tí wọ́n fún mi láti ọjọ́ náà ni Bàbá Kútọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo fojú kan Kútọ̀nù láyé mi, nígbà kejì, ọlọ́pàá ló ń lé mi.

Àkìtàn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àkìtàn ńlá ti Ìgándó. Èéfín ń rú lára rẹ̀ láìsí ẹni tó dáná sí i. Irin la máa ń ṣà níbẹ̀, àti bàbà inú wáyà. Lọ́jọ́ kan mo kọ́kọ́ rí ìdì wáyà kan, ọkùnrin kan sì gbá ìkọ́ irin rẹ̀ mọ́ mi ní ìgbọ̀nwọ́. Ìkọ́ náà wọlé, kò fẹ́ jáde. Ó ń fà á, mò ń tẹ̀ lé e bí ewúrẹ́ tí wọ́n so lókùn. Bí mo ṣe ṣubú, àwọn méjì mìíràn bọ́ bàtà rọ́bà ẹsẹ̀ mi. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n ní kí n wá rà á padà. Mo sanwó. Wọ́n ní ó ku owó ibi tí wọ́n bá mi tọ́jú rẹ̀ sí. Mo san ìyẹn náà. Wọ́n wá gbé bàtà náà lọ, ẹ̀jẹ̀ ń kán lápá mi, mo fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí ìgò fífọ́ títí dé títì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo pe ilé lábẹ́ agboòrùn àwọn tó ń ta ìpè. Ìyá Bísí, ìyàwó mi, ló gbé e.

"Ìyá Bísí, iṣẹ́ ti dé. Ilé-iṣẹ́ irin ni."

"Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Ẹran ni mo jẹ."

"Ẹran kí ni?"

"Ẹran tó tóbi."

"Ohùn yín ń gbọ̀n."

"Fóònù ló ń gbọ̀n, jàre."

Yàrá tí èmi àti àwọn tó ń ṣa irin jọ ń sùn kún débi pé bí ẹnì kan bá yí padà, gbogbo wa la óò yí padà. Síbẹ̀ kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ orúkọ bàbá mi. Mo máa ń dùbúlẹ̀ láàárín wọn, n ó máa pe orúkọ àwọn ará ilé mi nínú ikùn, kí n má baà gbàgbé bí ahọ́n mi ṣe ń pè é kí Èkó tó bà á jẹ́.

Nígbà tó yá, mo rí iṣẹ́ mẹ́gáàdì níwájú ilé ìtajà kan ní Ìkọ̀tún. Wọ́n fún mi ní aṣọ, tọ́ọ̀ṣì àti kóbókó. Ẹni tó ni aṣọ náà tẹ́lẹ̀ ti kú, wọn ò sì fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó fún mi, ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ Èkó kan sọ fún mi pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè kọjá?" mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo jẹ́ kó dúró díẹ̀ kí n tó dáhùn. Mo ra bàtà tuntun. Mo pe Ìyá Bísí, mo ní wọ́n ti fi mí ṣe olórí àwọn ajá. Ó ní, "Ṣé àwọn ajá náà mọ̀?"

Ẹ̀yìn èyí ni Ìyá Ráfíù pè mí láti Kétu. Ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ ni ọkọ rẹ̀ kó tó kú. Ó ní Ráfíù, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún òun, ti kọ́ iṣẹ́ fóònù títúnṣe, ó sì fẹ́ wá sí Èkó.

"Ọwọ́ yín ni mo fi í sí o," ó wí. "Bí ẹ ṣe gbà á ni kí ẹ dá a padà."

Mo ní, "Láàyè ni n ó dá a padà fún yín, Ìyá Ráfíù." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Èmi kò rín. Mo ti mọ Èkó.

Mo gba àyè kékeré kan fún Ráfíù níwájú ilé ìtajà wa, ó gbé tábìlì àti gíláàsì rẹ̀ síbẹ̀. Ó tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó ga, ó máa ń rẹ́rìn-ín kí ó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tán. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Gbogbo àdúgbò ló ń gbé fóònù wá fún un, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ ju èmi lọ, èyí tí kò le.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ bítíkọ́ìnì wọ Ìkọ̀tún. Wọ́n ní owó ni, inú fóònù ló ń gbé, èèyàn kò lè fọwọ́ bà á. Mi ò sọ pé kò sí o. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń rà á, wọ́n ń tà á. Èyí tí Ráfíù kó sí ni mò ń sọ. Gúrúùpù kan ni lórí fóònù, wọ́n pè é ní Ọ̀nà Ọlà. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Ọ̀gá Kọ́ìnì ló ń darí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó fojú rí i rí. Àwòrán ọkùnrin tó fẹ̀yìn ti mọ́tò dúdú ló gbé síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi owó ránṣẹ́ sí òun, òun á fi ra bítíkọ́ìnì, owó náà á sì bímọ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Àwọn àkọ́kọ́ gba owó lóòótọ́. Ráfíù wà lára wọn. Ó ra bàtà funfun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú gbogbo ẹni tó bá gbé fóònù wá tún ṣe wọ inú gúrúùpù náà. Ó fi Síkírù tó ń tún mọ́tò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sí i. Ó fi Ìyá Ṣọlá tó ń ta ẹja dídì sí i, obìnrin náà sì ta fíríísà rẹ̀ kó lè rí owó fi sílẹ̀. Ó fi èmi náà sí i.

Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń jẹ́rìí níbẹ̀ bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì. N ó jókòó sẹ́nu géètì, n ó gbé fóònù sétí. Obìnrin kan ní òun ti ra ilẹ̀. Ọkùnrin kan ní òun ti kọ́lé parí. Mo gbọ́ títí, ara mi kò gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, nítorí iṣẹ́ mi ni. Òpùrọ́ ni mí. Mo ti ń parọ́ láti kékeré, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́n ró. Irọ́ tó dára gbọ́dọ̀ ní ibi tí ẹni tó ń pa á ti ṣubú sí kòtò. Bí mo bá ní mo gbé ọ̀nì léjìká sọdá odò, mo ní láti fi kún un pé ọ̀nì náà tọ̀ sí mi lára, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Nínú Ọ̀nà Ọlà, kò sí ẹni tí nǹkan kan tọ̀ sí lára. Kò sí ẹni tó pàdánù rí. Kò sí ẹni tí owó rẹ̀ pẹ́ lọ́nà. Irọ́ ọmọdé ni, irọ́ ẹni tí ìyà kò tíì jẹ.

Mo bá tẹ ohùn mi ránṣẹ́ sí wọn. Mo ní, "Ọ̀gá Kọ́ìnì, mo kí yín o. Ẹ dákun, ẹ sọ ìtàn ọjọ́ tí ẹ pàdánù fún wa, ká lè mọ bí ẹ ṣe ń ṣe é nígbà tó bá burú." Kò pẹ́ rárá. Wọ́n yọ mí kúrò.

Mo lọ bá Ráfíù nídìí tábìlì rẹ̀. "Wọ́n ti lé mi."

"Kí lẹ ṣe, Bàbá?"

"Mo béèrè ọ̀rọ̀."

"Ẹ̀yin náà ṣá. Ẹ ò lè jókòó jẹ́ẹ́ bí èèyàn."

"Ilé tí wọ́n ti ń lé ẹni tó béèrè ibi tí ilẹ̀kùn wà, ṣé wàá sùn níbẹ̀?"

Ó gbé ojú sókè lára fóònù tó ń tú. "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ gbé ọ̀nì léjìká, ẹ̀yin lẹ wá ń wádìí ọ̀rọ̀."

Ọgbọ́n mi ló fi bá mi jà.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá Kọ́ìnì ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kó owó rẹ̀ jáde gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san owó ìtúsílẹ̀. Bí Ráfíù ṣe sọ ọ́ fún mi, ìgbọ̀nwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Mo sọ ọ̀rọ̀ bàtà rọ́bà mi fún un bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, mi ò fi nǹkan kan kún un. Mo ní, "Ẹni tí owó rẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ní kí o mú sí i wá kó tó dá a padà, ó ti jẹ ẹ́ tán. Sọ fún àwọn tí o mú wọlé kí wọ́n má san ìkankan mọ́."

Ó wo ilẹ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti mọ̀.

"Ojú ń tì mí, Bàbá."

"Kí ojú tì ọ́. Sọ ọ́ lónìí."

"Lọ́la ni n ó sọ fún wọn."

Kó tó sọ ọ́, Ọ̀gá Kọ́ìnì ti lọ. Gúrúùpù náà kò sí mọ́ lórí fóònù ẹnikẹ́ni. Ọ̀sán gangan ni àwọn tó mú wọlé wá bá Ráfíù.

Ẹ̀yìn ilé ìtajà ni mo wà tí mo gbọ́ ariwo wọn. Ariwo èèyàn tó fẹ́ pànìyàn yàtọ̀ sí ti ìjà. Ó máa ń dákẹ́ láàárín bí ẹni tó ń mí, á sì tún gbéra. Mo ti gbọ́ ọ rí. Ní ọdún kejì mi ní Èkó, wọ́n sun ẹnì kan lójú mi nítorí fóònù, ó sì pẹ́ kí òórùn rẹ̀ tó kúrò nímú mi. Mo sáré débẹ̀. Wọ́n ti fọ́ gíláàsì Ráfíù, àwọn fóònù ti di ẹ̀rún lábẹ́ ẹsẹ̀. Wọ́n ti ya ẹ̀wù rẹ̀. Ìyá Ṣọlá ń fi bàtà gbá a lójú, ó ń sunkún bó ṣe ń gbá a. Síkírù mú sípánà ńlá lọ́wọ́, orí Ráfíù sì ti là. Ẹnì kan ń yí táyà bọ̀. Ẹlòmíràn gbé kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù.

"Ọwọ́ rẹ lowó wa wà," Síkírù ń sọ. "Ìwọ lo mú wa wọ ibẹ̀."

"Wọ́n jẹ tèmi náà," Ráfíù ní. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ.

Mo ronú kíákíá. Bí mo bá ní kí wọ́n jọ̀wọ́, wọ́n á ní Ègùn méjì ló jọ ń ṣe é, wọ́n á sì lọ yí táyà kejì wá. Bí mo bá sá, kí ni n ó sọ fún ìyá rẹ̀? Mo bá fa kóbókó mi yọ, mo sì pariwo ju gbogbo wọn lọ.

"Ẹ yà fún mi. Ta ló ní kí ẹ fọwọ́ kàn án? Ọmọ bíbí inú mi ni. Èmi ni n ó pa á."

Wọ́n yà. Ráfíù gbé orí sókè, ẹ̀jẹ̀ ti bo ojú rẹ̀ kan. Ó ní, "Bàbá, ẹ gbà mí." Mo fi ìdí kóbókó gbá a lẹ́nu, nítorí ẹnu yẹn lè sọ pé èmi kọ́ ni bàbá rẹ̀. Eyín jáde. Àwọn èèyàn hó.

"Ẹ fi kún un, Bàbá Kútọ̀nù."

Mo fi kún un. Ẹ má rò pé mo ń díbọ́n. Àwọn tó dúró yí wa ká ti rí nínà láyé wọn, wọ́n mọ èyí tó dé ara àti èyí tí kò dé. Mo na ẹ̀yìn rẹ̀ títí awọ fi ṣí. Ó fi ọwọ́ bo orí, mo nà án lọ́wọ́, mo gbọ́ bí ìka rẹ̀ ṣe kán. Mò ń bú u bí mo ṣe ń nà án. Mo ní ó ti fi orúkọ mi wọ́lẹ̀, mo ní kí wọ́n bi àwọn ará Kétu léèrè, mo ti fi ọwọ́ yìí sin ọmọ mẹ́ta rí nítorí olè. Irọ́ gbáà. Bísí nìkan ni mo bí, tíṣà ni.

Ohun kan wà tí mo mọ̀ nípa wa, àwa ti Kétu àti ẹ̀yin ti Ìkọ̀tún. Bí ará ìta bá ń na èèyàn, a óò wòran. Bí bàbá bá ń na ọmọ rẹ̀, bó ti wù kí ọmọ náà jẹ̀bi tó, yóò dé ibì kan tí ara wa kò ní gbà á mọ́, àfi ká bá a bẹ̀. Ẹni tí kò bá dá sí i, ojú á máa tì í lójú aládùúgbò. Ibi náà ni mò ń wá. Mi ò mọ ibi tó wà lára Ráfíù.

Wọ́n ti dákẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò bẹ̀. Mo tún nà án. Kò pariwo mọ́, ó kàn ń mí bí ẹni tí omi wà lọ́fun rẹ̀. Mo ju kóbókó nù. Mo gbé táyà náà fúnra mi, mo fi í bọ̀ ọ́ lọ́rùn. Mo na ọwọ́ sí ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì, ó gbé e fún mi, mo tú epo náà lé Ráfíù lórí. Ó ta sí èmi náà lára.

Mo ní, "Ta ló ní ìṣáná?"

Ẹnì kan na páálí ìṣáná sí mi. Mo gbà á.

Àwọn tí mo ti sọ ìtàn yìí fún máa ń bi mí pé bí wọn ò bá wá bẹ̀ ńkọ́. Mo ní ìdáhùn oríṣiríṣi fún wọn, wọ́n sì dùn. Ẹ̀yin ni mo máa sọ òtítọ́ fún. Mi ò mọ̀.

Ìyá Ṣọlá ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú epo náà. "Bàbá, ẹ dákun. Ó ti tó."

"Dìde níbẹ̀. Ìwọ kọ́ lo ní kí wọ́n sun ún?"

"Èmi ni. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ọmọ yín ni, ẹ má fi ọwọ́ ara yín ṣe é."

"Fíríísà rẹ ńkọ́?"

"Ẹ fi ti fíríísà sílẹ̀, Bàbá. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Mi ò gbà. Ẹni tó bá tètè gba ẹ̀bẹ̀, wọ́n á fura sí i. Mo fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́yìn, mo yọ igi ìṣáná kan. Síkírù fò mọ́ mi, ó fi sípánà gbá ọwọ́ mi, ìṣáná fọ́n ká, egungun ọrùn ọwọ́ mi sì ṣẹ́. Mo ṣubú. Ẹni tó yí táyà wá jókòó lé mi láyà.

"Bàbá yìí ti ya wèrè o," Síkírù ń pariwo. "Ẹ tètè gbé ọmọ náà sá fún un."

Ìyá Ṣọlá yọ táyà kúrò lọ́rùn Ráfíù, ó tú gèlè rẹ̀, ó fi dì í lórí. Wọ́n gbé e sínú kẹ̀kẹ́, Síkírù gbé e lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀, wọ́n kọrí sí ọsibítù ní Ìgándó. Mo wà nílẹ̀ lábẹ́ ọkùnrin yẹn, mò ń bú wọn, mò ń ní kí wọ́n dá ọmọ mi padà kí n pa á. Ọwọ́ mi ń ta mí bí iná. Inú mi ò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dé Èkó.

Ọwọ́ kejì ni mo fi tẹ fóònù pe Kétu.

"Ìyá Ráfíù, mo ti na ọmọ yín."

"Nà á bíi báwo?"

"Eyín rẹ̀ ti yọ. Ojú rẹ̀ kan kò tíì ṣí. Ìka rẹ̀ kán."

Mo gbọ́ adìẹ lẹ́yìn rẹ̀ níbi tó dúró sí. Ó ní, "Ṣé ó ń mí?"

"Ó ń mí."

"Ẹ gbé e wá sílé fún mi." Ó pa fóònù.

Mo lọ bá a ní ọsibítù kí wọ́n tó gbé e lọ, mo fẹ́ ṣàlàyé fún un. Mo ní mo mọ̀ pé wọ́n á bẹ̀. Ẹnu rẹ̀ wú, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ lọ pa irọ́ yẹn fún ẹlòmíràn." Ó kọjú sí ògiri.

Ní Ìkọ̀tún, kò sí ẹni tó ń pè mí ní Bàbá Kútọ̀nù mọ́. Bàbá Ráfíù ni wọ́n ń pè mí. Ìyá Ṣọlá máa ń kúnlẹ̀ kí mi, Síkírù sì máa ń bi mí bóyá ọwọ́ náà ṣì ń dùn mí nígbà òtútù. Wọ́n ti fún mi ní àyè láàárín wọn nítorí ọmọ tí kì í ṣe tèmi. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ fa èèyàn sínú gúrúùpù olówó báyìí, wọ́n á kọ́kọ́ gbé fóònù náà wá sẹ́nu géètì fún mi. Mo ní kí wọ́n béèrè ọjọ́ tí ọ̀gá ibẹ̀ pàdánù. Mo ní kí wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ gba díẹ̀ padà lónìí, láìsan nǹkan kan. Mo ní ọ̀rọ̀ àṣírí tó ń ṣí owó wọn, kí wọ́n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ jẹ́ èmi. Ọ̀pọ̀ gúrúùpù ló ti lé wọn jáde nítorí mi.

Ráfíù wà ní Kétu. Ó ti gbéyàwó, ó sì tún ń tún fóònù ṣe. Bí mo bá lọ sílé tó rí mi lókèèrè, á yà sí ọ̀nà mìíràn. Àwọn ará ilé máa ń bínú sí i, wọ́n ní ọmọ tí kò mọ àgbà ni. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. N ó dúró lójú ọ̀nà, n ó máa wò ó bó ṣe ń yára lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń gbé e dáadáa.